Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Kò Nílò Dátà

Irú ṣọ́ọ̀bù kan wà tí ẹ ó rí láti Lọ́kọ́ja dé Kàbbà, títí wọ àwọn ìlú ilẹ̀ Bùnú bíi Odo-Ape. Wọ́n ń tẹ ìwé níbẹ̀, wọ́n ń ṣe fótókọ́pì, wọ́n ń fi POS sanwó fún ènìyàn, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì bá tẹ lẹ́tà tán, á fi flash kó o, á dìde, á ní kí ẹnì kejì sún fún òun, kó tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Flash táwọn oníbàárà ń mú wá náà ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó bá wà nínú rẹ̀ á sì ti ki mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ẹ bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù léèrè ìdí tí kò fi so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò dáa. Òpó ilé-iṣẹ́ fóònù ló ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílò kò kan òpó kankan. Kébù tí kò gùn ju mítà mẹ́wàá lọ àti àpótí kékeré kan ló máa yanjú rẹ̀, láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Apá kan wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jẹ́ tiwa pátápátá, apá kan sì wà tí a ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí òpó náà ń dákẹ́ nígbà tó bá wù ú, tiwa ló yẹ ká kọ́kọ́ tò kó dúró.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé. Lọ́dún 1973, Robert Metcalfe àti David Boggs ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà tí gbogbo wọn sì fẹ́ jọ máa lò kò pọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá láti so wọ́n pọ̀ ni a mọ̀ sí Ethernet, òun náà ló wà nídìí ihò tí a ń ki kébù bọ̀ lẹ́yìn ráútà títí dòní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1983, ni ARPANET tó bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ìlànà TCP/IP tí gbogbo ayé ń lò. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ti gbogbo ayé, àwọn ènìyàn ti ń fi kébù pín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò.

Àpótí kan, iṣẹ́ mẹ́rin

Àpótí tí a ń pè ní ráútà kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èkínní, ó ní ihò tí a ń so kébù mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n máa ń jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó bá so mọ́ wọn lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èkejì, ó ń tan Wi-Fi fún àwọn ẹ̀rọ tí kò ní kébù. Ẹ̀kẹta, ó ń pín nọ́ńbà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Iṣẹ́ yìí ni DHCP. Ẹ̀kẹrin ni pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín ilé àti ìta, níbi ihò tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí tàbí kí wọ́n kọ WAN sí lára. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń wá íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta ìyókù ń ṣiṣẹ́ bí ihò WAN bá tilẹ̀ ṣófo.

Nọ́ńbà tí ráútà ń pín yẹn ló máa ń rú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lójú. Ẹ fi agboolé wò ó. Nínú agboolé kan, ẹ pe Bàbá Kékeré, ẹni tó yẹ á dáhùn. Bàbá Kékeré wà ní agboolé kejì pẹ̀lú, kò sì dá ìjà sílẹ̀, nítorí inú ilé ni wọ́n ti ń pe kálukú. Àlejò tó ti òkèèrè wá, orúkọ agboolé ló máa béèrè. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló mọ yàrá tí yóò mú un lọ. Nọ́ńbà bíi 192.168.1.5 jẹ́ orúkọ inú ilé. Lọ́dún 1996 ni ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 1918 ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, torí gbogbo nọ́ńbà IPv4 tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì lè kárí ẹ̀rọ gbogbo. Nítorí náà, 192.168.1.5 lè wà ní Odo-Ape, kó wà ní Ìlọrin, kó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ kan náà. Ráútà ló ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo, òun náà ló sì ń rántí ẹni tí èsì tọ́ sí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà tí a ń kó fáìlì sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà wọn máa yí. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gba nọ́ńbà tuntun, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì máa ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Orí kébù

Ohunkóhun tí kò ní kúrò lójú kan, ẹ fi kébù so ó. Wi-Fi dára fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n kò sídìí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti jókòó sí kọ̀rọ̀ látàárọ̀ fi ní láti máa bá fóònù du afẹ́fẹ́.

Cat5e tó fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ó lè gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá títí dé mítà 100. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ mú ọ̀bẹ dání. Ẹ bó orí kébù díẹ̀, kí ẹ ha ara wáyà tín-ín-rín kan nínú rẹ̀. Bí ó bá pupa wọnú, kọ́pà ni. Bí funfun bá yọ, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára ni. Yóò kán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní igun ilé, kò sì ní í gbé ọ̀rọ̀ jìnnà bí kọ́pà.

Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú kébù, méjìméjì ni wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ra. Lílọ́ yẹn níṣẹ́: ó ń jẹ́ kí ìdàrúdàpọ̀ tó bá ti ara wáyà iná wá ba àwọn méjèèjì lọ́gbọọgba, kí ẹ̀rọ lè yọ ọ́ dànù. Ẹ má tú u ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ nítòsí orí. Ẹ to àwọn wáyà náà báyìí láti ọwọ́ òsì: funfun onílà ọsàn, àwọ̀ ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, àwọ̀ ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ẹ fi ìka tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, kí ẹ gé orí wọn kó dọ́gba, kí ẹ kọ ìdè ike orí RJ45 sísàlẹ̀, kí irin wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ máa wò yín, kí ẹ wá tì wọ́n wọlé títí ẹ ó fi rí ojú kọ́pà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ìpẹ̀kun ike náà. Awọ òde kébù pàápàá gbọ́dọ̀ wọ inú orí náà díẹ̀, kó lè rí ibi dì mú; ẹni tó bá jẹ́ kó kù síta, bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, á yọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi kírímpà fún un.

Ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó mú bí kò bá sí téstà. Iná mẹ́jọ á tàn tẹ̀lé ara wọn lápá méjèèjì; èyí tí kò bá tàn ni wáyà tó já, èyí tó bá fo ìlà ni ẹ tò lódì. Àrùn kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ: bí wáyà búráùn kan bá já, kébù á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ á já wá sí ìdá mẹ́wàá, nítorí wáyà mẹ́rin nìkan ni mégábíìtì 100 ń lò, gígábíìtì sì ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọ̀pọ̀ ń dá ráútà lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé orí kébù ni ẹjọ́ wà.

Ògiri, páànù àti ewé

Ìgbì Wi-Fi tó wà ní 2.4 GHz ń rìn jìnnà ju ti 5 GHz lọ, ó sì ń la ògiri já dáadáa ju ú lọ. 5 GHz yá, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó sì fa omi mu máa ń gba púpọ̀ nínú agbára méjèèjì. Páànù àti irin burú jù, wọ́n ń dá ìgbì padà ni. Nítorí náà, ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, kó ga ju orí ènìyàn lọ, kó má ṣe wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí aládùúgbò bá ní tirẹ̀, ẹ yan ọ̀nà 1, 6 tàbí 11 lórí 2.4 GHz, èyí tí òun kò sí lórí rẹ̀, nítorí àwọn mẹ́ta yẹn kì í gun ara wọn lẹ́yìn.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ bí ilé méjì bá jìnnà síra, bíi ilé-ìwé àti ilé olùkọ́ tó wà lódìkejì ìlú. Àwọn àńtẹ́nà méjì tó kọjú síra wọn lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́dún 2007, Ermanno Pietrosemoli fi irú ẹ̀rọ Wi-Fi olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ so òkè méjì pọ̀ ní Fẹnẹsúẹ́là, kìlómítà 382 ló sì wà láàárín wọn. Gíga àwọn òkè yẹn ló mú kó ṣeé ṣe, kò sóhun tó dínà. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè àpáta tó wà láàárín á dínà pátápátá, ẹni tó bá sì gbé àńtẹ́nà sórí òkè náà ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Rírí tí ojú rí ilé kejì kò sì tó. Fún kìlómítà kan lórí 2.4 GHz, ìgbì ń fẹ́ àyè tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún àbọ̀ yí ká ìlà tó wà láàárín, níbi agbedeméjì. Igi tó bá yọ orí sí àyè yẹn ń jẹ nínú agbára rẹ̀, ewé tó gbomi sì ń jẹ ju ewé gbígbẹ lọ. Ẹni tó bá gbé àńtẹ́nà kọ́ nígbà ọyẹ́, tí igi ti wọ́wé, tó sì gbowó iṣẹ́, kó múra sílẹ̀ fún ìpè ní oṣù Kẹfà.

Iná àti àrá

Ráútà kékeré kì í jẹ iná púpọ̀, ìyẹn sì ni àǹfààní tó tóbi jù fún àwa tí iná ìjọba kì í bá gbé. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, ẹ ó rí i kà: ọ̀pọ̀ wọn ń lo fólítì 12. Bí ó bá ń jẹ wáàtì 6, bátìrì fólítì 12 oní-7 Ah, tó ní wáàtì-wákàtí 84, á gbé e fún wákàtí méje bí a kò bá lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ẹ̀mí bátìrì lè gùn. Àwọn kan ń lo ráútà oní-fólítì 9 tàbí 5. Ẹni tó bá so èyí mọ́ 12 ti pa á. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ torí ráútà nìkan. Ẹ má sì ṣe gba inú ìńfátà kọjá bí bátìrì àti ráútà bá ti bára mu, ìńfátà náà ń jẹ tirẹ̀.

Àrá ni ọ̀tá kejì. Kì í ṣe dandan kó sán lu ilé yín. Bí ó bá sán nítòsí, kébù kọ́pà tó gba ìta láti ilé kan sí èkejì ti tó láti gbé agbára rẹ̀ wọlé, gbogbo ihò ráútà á sì jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ilé méjì, àńtẹ́nà tàbí kébù fáíbà ló yẹ, torí fáíbà kò ní irin tí iná ń gbà. Òpó irin tí àńtẹ́nà wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tó wọlẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá sì ti ń ṣú, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ yọ kébù tó ti ìta wá pẹ̀lú.

Ohun tó ń ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí gbogbo èyí bá ti dúró, ṣọ́ọ̀bù tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò, fóldà kan tí gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà, àti ìwé owó tí ọ̀gá lè wò láti orí tábìlì tirẹ̀. Kò sí èyí tó kan òpó.

Ti ilé-ìwé tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò UTME, ọmọ tí kò sì fọwọ́ kan máúsì rí ń padà sílé pẹ̀lú máàkì tí kò tọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó gbé ìbéèrè ìdánrawò, tí àwọn yòókù so mọ́, á jẹ́ kí ogún ọmọ máa dán ara wọn wò láìsí dátà. Ètò Kiwix ń gbé gbogbo Wikipedia sórí díìsìkì. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán tó nǹkan bíi GB 100, ti Yorùbá kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kolibri náà wà, tó ń gbé ẹ̀kọ́ àti fídíò fún ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á lọ gbé e wálẹ̀ níbi tí dátà ti dáa, ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja, á kó o wá sílé, gbogbo kíláàsì á sì máa kà á lórí Wi-Fi.

Wọ́n ti ṣe irú àjọlò bẹ́ẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè wa. Ní Kafanchan, gúúsù Kàdúná, Fantsuam Foundation tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996 ló dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìníkébù ZittNet sílẹ̀. Sátẹ́láìtì kan ni wọ́n ń sanwó fún, wọ́n sì ń fi àńtẹ́nà pín in fún àwọn àjọ àti ilé-iṣẹ́ inú ìlú. Iná ló jẹ́ ìṣòro wọn jù, bátìrì ni wọ́n fi ń gbé e dúró.

Èyí tí a ń rà

Ó di ìgbà yìí kí a tó ki ohun kan bọ ihò WAN. Ráútà onísíìmù ni ó pọ̀ jù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó, kí ẹ wọ ojú ewé ráútà láti ka agbára rẹ̀: –85 dBm dára, –110 dBm kò dára, ìṣísẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì lè mú ìyàtọ̀ wá. Starlink wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550 lókè, nígbà tí sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní 35,786, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń tètè lọ tó ń tètè bọ̀. Ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń jẹ wáàtì 75 sí 100, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà kò lè gbé e. Kò sì sí èyí tí kò lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébù abẹ́ òkun bíi mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, báńkì ní Èkó náà sì mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé ni ìlẹ̀kùn ṣí, nítorí náà ẹ tì í. Ẹ yí pásíwọọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà padà, torí èyí tó bá wá láti ilé-iṣẹ́, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ẹ lo ààbò WPA2 tàbí WPA3, kí ẹ pa WPS tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ pásíwọọ̀dù. Ẹ ya Wi-Fi oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó wá ṣe fótókọ́pì má lè rí ìwé owó yín tàbí POS yín.

Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà

Kò dìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Cisco Networking Academy, tó ti wà láti 1997, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò Packet Tracer lọ́fẹ̀ẹ́. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lèèyàn ti lè to ráútà mẹ́wàá, kó so wọ́n, kó bà wọ́n jẹ́, kó tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ra ráútà àlòkù kan mọ́ ọn, torí kò sí ètò tó lè kọ́ ọwọ́ ní kírímpà.

Ohun tó ń ya oníṣẹ́ sọ́tọ̀ ni bó ṣe ń wá àìsàn. Kì í tún gbogbo rẹ̀ tò. Láti ìsàlẹ̀ ló ń gùn lọ sókè. Ó kọ́kọ́ wo iná. Ó wo bóyá iná ihò kébù tàn. Ó wo nọ́ńbà kọ̀ǹpútà: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà ké pe ráútà, kò gbọ́ èsì, ó sì fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ó wá kọ ping pẹ̀lú nọ́ńbà ráútà; bí èsì bá wá, inú ilé dára. Ó ping 8.8.8.8 tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí èsì bá wá, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ó wá ping orúkọ, bíi google.com, bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, DNS tó ń túmọ̀ orúkọ sí nọ́ńbà ló ṣàìsàn, ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́fà, ó sì ti mọ ẹni tó kàn: òun ni, tàbí ẹni tó ta dátà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìwé kan ṣì kù. Ẹ ya àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà: ibi tí kébù kọ̀ọ̀kan gbà, nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ Wi-Fi, ọjọ́ tí ẹ rọ́pò bátìrì. Ẹ lẹ àwòrán náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ráútà, kí ẹ fi pásíwọọ̀dù sínú ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹ gbé e lé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n rò pé oníbàárà tí kò mọ inú ráútà rẹ̀ kò ní lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn kò yàtọ̀ sí òpó tí a ń fẹjọ́ sùn: ohun tí ẹni tó tò ó nìkan bá mọ̀, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tẹni tó sanwó.